Ẹ́ńjìnì power bike nínú mọ́tò fúyẹ́: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ń jó ṣásì (egungun irin) mọ́tò oníjókòó méjì kan, irú Lotus Seven tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe láti 1957, tí kò lórùlé. Páìpù onígun mẹ́rin, mìlímítà 25, ni mo fi ṣe é. Mo ti ra ẹ́ńjìnì power bike (máṣíìnì ńlá tó ń sáré gan-an) Suzuki Hayabusa tòkunbọ̀, ti àkọ́kọ́, 1299cc. Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò ní kí n gbé e síwájú bó ṣe wà lára máṣíìnì, kí n fa ṣéènì láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí? Irú dífù (àpótí eyín àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì) wo ni kí n sì wá? (Alájórin, Àpáta, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má gbọ́ tiwọn lórí ọ̀rọ̀ ṣéènì. Ṣéènì tó bá gùn tó mítà méjì máa ń fì bí okùn ìsáṣọ nínú atẹ́gùn, ọjọ́ tó bá sì já, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó bá jókòó sẹ́yìn, nítòsí táyà, ló ń lo ṣéènì. Èyí tó bá wà níwájú, pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń yí lábẹ́ mọ́tò, ni kó fi gbé agbára lọ bá dífù.

Ẹ yí ẹ́ńjìnì náà sí ẹ̀gbẹ́. Lára máṣíìnì, kiránṣáàfù (ọ̀pá tí písítìnì ń yí) dùbúlẹ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Nínú mọ́tò yín, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ láti iwájú sí ẹ̀yìn, kí ọ̀pá tí sípúrókẹ̀tì kékeré (àwo eléyín tí ṣéènì ń gùn) wà lórí rẹ̀ kọjú sẹ́yìn. Ti Hayabusa wà lápá òsì, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣeé lò báyìí, torí bí apá òsì bá kọjú sẹ́yìn, pùròpẹ́là á yí sí ọ̀nà tí dífù mọ́tò ń fẹ́. Máṣíìnì tí sípúrókẹ̀tì rẹ̀ bá wà lápá ọ̀tún, òdìkejì ló máa yí sí, gíà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì máa gbé yín padà sẹ́yìn. Ẹni tí kò tíì ra ẹ́ńjìnì, ibi tí kó kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Yíyí tí ẹ yí i yìí á gbé ẹnu sàlẹ́ńsà sí apá òsì mọ́tò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí, kò kan ọ̀pá sítíárìn wọn. Níbí, òsì ni sítíárìn wa wà, páìpù sàlẹ́ńsà mẹ́rin tó gbóná janjan á sì máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ gbé ẹ́ńjìnì sínú ṣásì, ẹ fi ọ̀pá sítíárìn àti pẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, kí ẹ tó jó síítì ẹ́ńjìnì (irin tí ẹ́ńjìnì ń jókòó lé) kankan. Ẹ jẹ́ kí àyè tó tó mìlímítà 40 wà láàárín páìpù àti ọ̀pá náà, kí ẹ sì fi páànù bò ó láàárín. Ẹni tó bá ti jó síítì ẹ́ńjìnì tán kó tó rántí sítíárìn, gígé ló máa gé e.

Síítì náà, ojú mẹ́ta ó kéré tán ni kó ti di ẹ́ńjìnì mú, kí bùṣì rọ́bà sì wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ṣásì páìpù a máa yí díẹ̀ nígbà tí táyà kan bá wọ kòtò. Bí irin bá di irin mú gan-an, ilé ẹ́ńjìnì tó jẹ́ alumíníọ̀mù ló máa là.

Ní ti ibi tí pùròpẹ́là á so mọ́: ẹ ó yọ sípúrókẹ̀tì kékeré kúrò, ẹ ó sì fi ojú irin kan tó ní eyín inú bíi tirẹ̀ síbẹ̀. Kí tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin) tó mọṣẹ́ gé e láti ara irin kan ṣoṣo ló dára jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ra sípúrókẹ̀tì tuntun, wọ́n á gé eyín ìta rẹ̀ dànù, wọ́n á wá jó àwo irin mọ́ ọn. Irin tí wọ́n ti fi iná mú le ni sípúrókẹ̀tì. Iná alájórin máa ń sọ etí ibi tó bá kàn di ohun tó gan bí àwo tánńganran, á sì là lójijì lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dún. Bí kò bá sọ́nà míì, ẹ fi bóòtì mú un mọ́ àwo náà: mẹ́fà, oní mìlímítà 8, tí wọ́n kọ 10.9 sí lórí. Bóòtì tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lórí kò wúlò níbí.

Bẹ́árìn tó gbé ọ̀pá yìí, fífà ṣéènì ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe pùròpẹ́là tó ń gbọ̀n. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ìgbà 9,500 ní ìṣẹ́jú kan ní gíà kẹfà, pùròpẹ́là ń yí nǹkan bí ìgbà 5,700. Ẹ gé e sí méjì, kí ẹ fi bẹ́árìn àárín gbé e, kí ẹ sì gbé e lọ fún balance, kó má baà máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òrùka irin pẹlẹbẹ méjì yí i ká, èyí tó nípọn tó mìlímítà 5, kí ọ̀kan wà nítòsí kúróòsì (oríkèé pùròpẹ́là) iwájú. Bí kúróòsì bá já, òrùka yẹn ni kò ní jẹ́ kí pùròpẹ́là wá bá yín nínú ìjókòó. Ẹ má wa mọ́tò náà, kódà nínú ọgbà, kí òrùka yìí tó wà níbẹ̀.

Ó wá ku dífù. Ẹ́ńjìnì yìí ti ń dín eré kù nínú ara rẹ̀: láti kiránṣáàfù dé kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ 1.596 (iye ìgbà tí ti àkọ́kọ́ ń yí kí ìkejì tó yí lẹ́ẹ̀kan), gíà kìíní jẹ́ 2.615, gíà kẹfà jẹ́ 1.043. Lára máṣíìnì, sípúrókẹ̀tì iwájú ní eyín 17, ti ẹ̀yìn ní 40, ìyẹn ni 2.35. Dífù ló máa gba ipò àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká mú dífù 3.5, tí pùròpẹ́là ń yí ẹ̀ẹ̀mẹta àtààbọ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú táyà 175/70 R13 tó ń rin mítà 1.8 nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ní gíà kẹfà, ẹ́ńjìnì á máa yí bí ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ariwo rẹ̀ á pọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbà á. Ní gíà kìíní, bó bá ń yí ìgbà 3,000, mọ́tò ti ń sáré kìlómítà 22. Ẹ fọkàn sí iye yìí, torí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road, ta ló ń sáré tó 22? Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lábẹ́ rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á sì máa gbóná. Ẹni tó bá wá fi dífù 2.5 sí i nítorí eré, 22 yẹn á di 31. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lórí Òkè Màpó, pẹ̀lú ènìyàn méjì nínú mọ́tò.

Tí ẹ bá lọ wá dífù ní Àràrómi, ní Agodi Gate, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dání. Ẹ fa ilà sára ojú tí pùròpẹ́là ń so mọ́, kí ẹ fa òmíràn sára háàbù méjèèjì. Kí ẹnì kan di háàbù òsì mú, kí ẹnì kejì di ti ọ̀tún mú, kí wọ́n jọ yí i lẹ́ẹ̀kan géérégé, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tí ilà iwájú kọjá. Bó bá yí ẹ̀ẹ̀mẹta àtààbọ̀, 3.5 nìyẹn. Bí háàbù kan bá dúró tí ìkejì nìkan yí, ìdajì ni ẹ ó kà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti tipa bẹ́ẹ̀ ra ohun tí wọn ò fẹ́.

Kí ẹ tó ná owó míì, ẹ wọn mọ́tò náà. Àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ní òṣùwọ̀n tó lè gbé e. Ẹ gbé táyà kan lé e, kí mẹ́ta tó kù wà lórí búlọ́ọ̀kù tó ga tó o, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ ro ó pọ̀. Hayabusa fúnra rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 215 lọ kí wọ́n tó da epo sí i. Mọ́tò yín gbọ́dọ̀ wà láàárín 450 sí 550. Bó bá ti kọjá 600, kí ẹ wá ohun tí ẹ máa yọ kúrò lára rẹ̀. Irin tó nípọn ju mìlímítà 1.6 lọ nínú ṣásì yìí, ibi tí ìrìn táyà àti bẹ́líìtì so mọ́ nìkan ló yẹ kó wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ́ńjìnì Yamaha R1 ló wà nínú mọ́tò fúyẹ́ mi. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá nọ́ọ̀kì. Ọ́ìlì ò jò, kò sì lọ sílẹ̀ rárá. Kí ló fà á? (Ring Road)

ÌDÁHÙN: Ọ́ìlì wà nínú ẹ́ńjìnì yín lóòótọ́. Ẹnu pọ́ǹpù ni kò sí nígbà tí ẹ ń yí kọ́nà.

Máṣíìnì máa ń tẹ̀ bó bá ń yí kọ́nà, ọ́ìlì rẹ̀ sì máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù (abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì) bíi pé ó dúró lójú kan. Mọ́tò kì í tẹ̀. Ẹ gbé abọ́ omi lé itan nínú mọ́tò tó ń yí ráńdáàbàòtù pẹ̀lú eré, ẹ ó rí ibi tí omi ń lọ. Bí agbára kọ́nà bá tó ìwúwo mọ́tò fúnra rẹ̀, ojú ọ́ìlì á dagun dé dígíríì 45, mọ́tò fúyẹ́ tó ní táyà tó mú ilẹ̀ sì lè súnmọ́ ìyẹn. Gbogbo ọ́ìlì á ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́. Bẹ́árìn kọ́ńrọ́ọ̀dù (apá irin tó so písítìnì mọ́ kiránṣáàfù), ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà ló gbé e. Bí ìyẹn bá kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ju 9,000 lọ, ó parí.

Ẹ yọ fílítà ọ́ìlì. Ẹ fi àlùmọ́gàjí páànù gé e, kì í ṣe ayùn irin, torí ìyẹ̀fun ayùn á tàn yín jẹ. Ẹ fa pépà inú rẹ̀ yọ, ẹ fún un, ẹ tẹ́ ẹ sójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán yinrinyinrin, pupa bíi bàbà, bẹ́árìn kọ́ńrọ́ọ̀dù ti lọ. Ẹ má tún fi sítátà yí i mọ́. Bí ẹ bá dá a dúró níbi tí bẹ́árìn ti jẹ, ó ṣeé ṣe kí kiránṣáàfù ṣì dára. Bí ẹ bá ń wà á lọ pẹ̀lú ariwo yẹn, kọ́ńrọ́ọ̀dù á lu ilé ẹ́ńjìnì jáde.

Nígbà tí ẹ bá ń tún un ṣe, ẹ ní kí wọ́n jó àwo kan sínú sọ́ǹpù, yíká ẹnu tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Alumíníọ̀mù ni sọ́ǹpù náà, nítorí náà ẹni tó ń fi gáàsì ágọ̀n jó ni kí ẹ wá. Kí àwo náà bo òkè ọ́ìlì kó má lè gun ògiri, kí ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí sínú nìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọ́ìlì á ráyè wọlé bá pọ́ǹpù, kò ní ráyè jáde. Bí ẹ bá gé sọ́ǹpù kúrú nítorí àwọn kòtò ojú ọ̀nà wa, ẹ gé páìpù tó ń fa ọ́ìlì náà, kí àyè mìlímítà 6 sí 8 wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti ilẹ̀ sọ́ǹpù.

Rédíétọ̀ kékeré tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, ẹ ra òmíràn. Fífọ̀ ò lè kó irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tán, ohun tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ ló máa pa bẹ́árìn tuntun. Ẹ fi géèjì ọ́ìlì sí i, kí ẹ sì so iná pupa ńlá kan síwájú ojú yín gan-an. Bí ọwọ́ géèjì bá já wálẹ̀ nínú kọ́nà tó sì padà lẹ́yìn kọ́nà, àwo inú sọ́ǹpù ò tíì tó. Ọ́ìlì tí ẹ ó lò ni èyí tí wọ́n kọ JASO MA (àmì ọ́ìlì máṣíìnì) sí lára, 10W-40. Kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń gbé; ọ́ìlì mọ́tò tó ń dín ìjẹra irin kù á mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Power bike ò ní rìfáàsì. Ṣé n kò kàn lè sọ̀ kalẹ̀ kí n tì í sẹ́yìn ni? (Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ lè tì í. Ní ẹnu géètì tó dagun, ẹ ò lè tì í, Ìbàdàn sì kún fún òkè. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni àpótí rìfáàsì tó ń wọ àárín pùròpẹ́là. Ó wúwo, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń gbé mọ́tò padà. Èkejì ni kí ẹ jó ríìngì eyín fulaiwíìlì mọ́ ojú dífù, kí ẹ so kíìkì sítátà mọ́tò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó máa yí i sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì. Kí bọ́tìnì náà má ṣiṣẹ́ àfi bí gíà bá wà ní free, kí ẹ sì má tẹ̀ ẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, torí sítátà máa ń gbóná kíákíá. Àpótí rìfáàsì kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tí wọ́n ń tà káàkiri, ẹ́ńjìnì 200cc ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má gbé e fún Hayabusa. Eyín rẹ̀ á fọ́.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni wá ní Sángo. A fẹ́ fi ẹ́ńjìnì Bajaj Boxer 150 ṣe mọ́tò oníjókòó méjì, ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá 4.00-8. Ìwúwo rẹ̀ ò ní ju kìlógíráàmù 250 lọ. Ṣé ẹ́ńjìnì yẹn á gbé e? Sípúrókẹ̀tì eléyín mélòó ni ká lò?

ÌDÁHÙN: Á gbé e, bí ẹ bá dúró lórí 250 yẹn. Agbára ẹṣin bíi 12 ló ní. Boxer pẹ̀lú ènìyàn méjì lórí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 265. Mọ́tò yín pẹ̀lú ènìyàn méjì jẹ́ 400. Ìyẹn ni pé ẹ nílò agbára fífà tó jẹ́ ìlọ́po 1.5. Táyà Boxer fẹ̀ tó mìlímítà 590 láti etí dé etí, ti Márúwá tó 415. Táyà kékeré yẹn nìkan ti fún yín ní 1.42 nínú 1.5 náà. Nítorí náà, ẹ ka eyín sípúrókẹ̀tì ẹ̀yìn máṣíìnì tí ẹ yọ ẹ́ńjìnì lára rẹ̀: bó bá jẹ́ 42, 45 ti tó yín. Eré rẹ̀ á dín sí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ibi tí máṣíìnì ti ń sáré 60, ẹ̀yin á máa sáré 40. Sípúrókẹ̀tì 45 fún ṣéènì 428 ò fẹ̀ ju mìlímítà 190 lọ, nǹkan bíi 110 á sì kù láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀. Ẹ fi páànù gbà á lábẹ́, torí òkúta.

Kí ihò bóòtì síítì ẹ́ńjìnì gùn, kí ẹ lè fà á sẹ́yìn láti fún ṣéènì. Ẹ fi irin tó gún régé kan ẹ̀gbẹ́ sípúrókẹ̀tì méjèèjì. Bó bá yà ju mìlímítà 2 lọ, ṣéènì á máa jẹ eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní àárín, ẹ lè gbé ṣéènì sókè-sódò tó mìlímítà 20 sí 30, kó má lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kílíìpù tó so ṣéènì pọ̀, orí rẹ̀ tó dí ni kó kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ, kí ẹnu tó là kọjú sẹ́yìn. Bí ẹ bá fi í sódì, ohun kékeré tó bá kàn án ló máa yọ ọ́.

Èyí tó le jù fún yín ni ooru. Atẹ́gùn ló ń tu Boxer lára, ẹ sì fẹ́ tì í mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó níbi tí atẹ́gùn ò dé. Ẹ fi páànù ṣe ọ̀nà atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò wá sí ojú abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì (irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀ tí ooru ń gbà jáde), kí àyè bíi mìlímítà 20 yí i ká, kí ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde fẹ̀ ju èyí tó ń gbà wọlé lọ. Fáànù kékeré oní 12 V tó ń lo 3 tàbí 4 A ti tó. Fáànù rédíétọ̀ mọ́tò á fa bátìrì gbẹ nígbà tí iná iwájú bá ń tàn. Àsù kan ṣoṣo tó ń yí táyà méjèèjì pọ̀ máa ń ti mọ́tò gbọọrọ jáde nínú kọ́nà lórí ọ̀dà. Bí ẹ bá lè fi táyà kan ṣoṣo gba agbára, ó sàn fún ìdánwò àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Riwáyà ni mí ní Mọ́kọ́lá. Oníbàárà gbé Hayabusa inú mọ́tò wá, ó ní brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì) àti wáyà rẹ̀ pé. Sítátà ń yí i dáadáa, púlọ́ọ̀gì ò ṣáná. Mo ti pààrọ̀ kọ́ìlì.

ÌDÁHÙN: Ẹ dá owó kọ́ìlì dúró ná. Máṣíìnì ní àwọn súìṣì tó ń pa iná, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ ọ̀kan nù nígbà tí wọ́n ń tú u: ti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tí máṣíìnì fi ń dúró, ti kílọ́ọ̀ṣì, ti free, àti sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń mọ̀ bí máṣíìnì bá ṣubú. Ti ìgbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Inú wáyà ló sábà máa ń fì kiri, tó dojú bolẹ̀. Brain box á rò pé máṣíìnì ti ṣubú, á sì pa iná àti pọ́ǹpù epo. Ẹ fi bóòtì dè é mọ́ ṣásì, kí àmì òkè ara rẹ̀ kọjú sókè gan-an. Ẹ má so wáyà rẹ̀ pọ̀ láti tàn án jẹ, torí òun náà ló máa pa pọ́ǹpù epo bí mọ́tò yìí bá dojú dé lóòótọ́.

Bí iná bá dé tí ẹ́ńjìnì wá ń kú nínú kọ́nà, epo ni. Táńkì pẹlẹbẹ inú mọ́tò máa ń da epo sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi táńkì kékeré, lítà kan tàbí méjì, tó ga tó sì tín-ín-rín, sí àárín: pọ́ǹpù kan á máa bù kún un láti táńkì ńlá, pọ́ǹpù kejì á máa fà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú agbára bíi 3 bar, èyí tó bá sì kún jù á gba òkè rẹ̀ padà sí táńkì ńlá. Láti pọ́ǹpù kejì dé ẹ́ńjìnì, hóòsì tí wọ́n ṣe fún injector nìkan ni kí ẹ lò, kó gba apá ọ̀tún, kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà.